Òdo Kọ́ ni Àìmọ̀: Èdè R àti Ìkànìyàn ní Burkina Faso

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ṣùgbọ́n ìjọba tí yóò kọ́ ilé ìwé àti ilé ìwòsàn kò lè ṣe kí ó má ka ènìyàn. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni Burkina Faso ti ṣe ìkànìyàn gbogbogbòò: ní 1975, 1985, 1996, 2006 àti 2019. Iye ènìyàn tí ó jẹ́ 5,638,203 ní 1975 ti di 20,505,155 ní 2019.

Ní àdúgbò bíi Patte d'Oie, ní gúúsù Ouagadougou, akànìyàn lè kan ilẹ̀kùn láti ojúlé dé ojúlé. Síbẹ̀, ṣàṣà ni àkójọ ìdáhùn tí kì í ní àlàfo. Àgbàlagbà kan lè má mọ ọdún tí a bí i. Ní apá àríwá àti ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè náà, ọ̀ràn náà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìkọlù àwọn agbébọn kò jẹ́ kí àwọn akànìyàn ọdún 2019 dé àwọn ìletò kan rárá. Kí ni a ó kọ sí iwájú orúkọ irú ìletò bẹ́ẹ̀? Bí a bá kọ òdo, a ti sọ pé kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Òdo jẹ́ ìdáhùn. Àìmọ̀ kì í ṣe ìdáhùn.

Ìyàtọ̀ yìí hàn gbangba nínú R, èdè ìṣirò orí kọ̀ǹpútà tí Ross Ihaka àti Robert Gentleman dá sílẹ̀ ní Yunifásítì Auckland, ní New Zealand, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Ẹ̀dà 1.0.0 rẹ̀ jáde ní ọjọ́ 29 oṣù kejì ọdún 2000. NA ni àmì tí èdè náà fi ń dúró fún ohun tí a kò mọ̀. Kí a sọ pé a fẹ́ mọ ọjọ́ orí ènìyàn márùn-ún nínú agbo ilé kan. Ọ̀kan jẹ́ ẹni 40 ọdún, ọ̀kan jẹ́ ẹni 23; ọmọ ọwọ́ kan kò tí ì pé ọdún kan, nítorí náà 0 ni tirẹ̀; a kò sì mọ ti àwọn méjì yòókù. A ó kọ ọ́ báyìí:

x <- c(40, 0, NA, 23, NA)

Bí a bá lo length(x), 5 ni yóò jáde, nítorí pé àyè ni ó ń kà, kì í ṣe ìdáhùn. Iṣẹ́ is.na(x) ni láti fi TRUE sí àyè tí ìdáhùn kò sí, àmì! a yí i padà, kí TRUE lè bọ́ sí ibi tí ìdáhùn wà. Sum a sì ka TRUE kọ̀ọ̀kan sí ení. Nítorí náà, sum(!is.na(x)) yóò mú 3 jáde, ọmọ ọwọ́ náà sì wà nínú wọn. Bí a bá pín 63 sí ọ̀nà 3, ìpíndọ́gba ọjọ́ orí jẹ́ ọdún 21. Bí a bá sọ àìmọ̀ di òdo, tí a pín in sí ọ̀nà 5, ó di 12.6: agbo ilé àwọn àgbà ti di ti àwọn ọmọdé lórí ìwé.

Fún àwọn ìletò tí a kò dé, àfojúdíwọ̀n ni àwọn onímọ̀ ìṣirò fi dí àlàfo náà. Kò sí àbùkù nínú èyí, níwọ̀n ìgbà tí a bá sọ iye tí a kà lọ́tọ̀, tí a sì sọ iye tí a fojú díwọ̀n lọ́tọ̀. Ẹni tí ó sá kúrò nílé, tí a sì tún fi òdo rọ́pò rẹ̀ nínú ìwé, ẹ̀ẹ̀mejì ni ó ti pàdánù ilé.