Ẹ̀rọ Fídíò Inú Ilé: Ohun Tí Ó Mú Wa Yan Èyí Tí A Yàn

Ní ìparí oṣù Kẹwàá ọdún 1959 ni tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn. Láyé ìgbà náà, onítẹlifíṣọ̀n kò ní ohun tí yóò yàn: ohun tí wọ́n bá gbé jáde ni yóò wò, bí wọ́n bá sì pa á, yóò lọ sùn. Ẹ̀rọ oníkásẹ́ẹ̀tì ni ó kọ́kọ́ fi àṣẹ lé onílé lọ́wọ́. Sony gbé Betamax jáde ní 1975, JVC gbé VHS jáde ní 1976. Wákàtí kan péré ni kásẹ́ẹ̀tì Betamax àkọ́kọ́ gbà, ti VHS gba méjì. Ọ̀pọ̀ ni ó ní àwòrán Betamax mọ́ jù, síbẹ̀ VHS ni ó gbilẹ̀. Orí rẹ̀ ni Living in Bondage ti jáde ní 1992, tí apá kejì sì tẹ̀lé e ní 1993.

Ẹ jẹ́ kí a wá sórí àwo, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ọdún 1993 ni wọ́n fẹnu kò lórí ìlànà VCD. DVD jáde ní Japan ní 1996. Bí ó bá jẹ́ ti ẹwà ni, kò yẹ kí VCD tún rí ẹni rà á. Àwòrán rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ mọ́ ju ti kásẹ́ẹ̀tì lọ, àwo kan kò sì gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 74 lọ. Fíìmù wákàtí méjì di àwo méjì. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dùn gan-an ni ti àkọ́kọ́ yóò ti tán. (Ẹ má di ẹ̀bi Apá Kejì ru VCD o, a ti rí i pé láyé kásẹ́ẹ̀tì ni ó ti wà.) Síbẹ̀ VCD ni àwọn ará ilé wa rà, nítorí orí rẹ̀ ni fíìmù Yorùbá wà lọ́jà. DVD sì tún ní àgádágodo: wọ́n pín ayé sí ẹkùn-ẹkùn, Amẹ́ríkà ní ẹkùn 1, Britain ní 2, Nàìjíríà ní 5. Àwo tí ẹ̀gbọ́n bá rà ní London lè kọ̀ jálẹ̀ nílé. VCD kò mọ irú ìyẹn. Nítorí náà n kò gbà pé àìmọ̀kan ni ó mú àwọn òbí wa. Ohun tí wọn yóò wò ni wọ́n kọ́kọ́ rò, kí wọ́n tó ro ti ẹ̀rọ.

Ẹ̀yìn ni wọn kò wò. Bàbá mi ra ẹ̀rọ VCD kí wọ́n tó bí mi, ó sì ta ti kásẹ́ẹ̀tì fún aládùúgbò. Kò rántí pé inú kásẹ́ẹ̀tì VHS kan ni ìsìnkú bàbá wa àgbà wà, níbi tí ìyá àgbà ti ki oríkì ọkọ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìyá àgbà náà ti kú báyìí, kò sì sí ẹni tí ó kọ oríkì náà sílẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 2016 ni Funai ti ilẹ̀ Japan dáwọ́ ṣíṣe ẹ̀rọ VHS dúró. Fláàṣì ni à ń kì bọ tẹlifíṣọ̀n ilé wa lónìí.

Lọ́dún tí ó kọjá mo gbé kásẹ́ẹ̀tì náà lọ bá ọkùnrin kan tí ń ya fídíò òde ní Ìbàdàn. Ó ní ẹ̀rọ kan lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibi tí ó fi ń ka teépù ti jẹ. Ó ní kí n fi kásẹ́ẹ̀tì náà sílẹ̀ títí òun yóò fi rí òmíràn. N kò fi í sílẹ̀.