Ta Ló Ni Ìparí Ìtàn? Ìjà Mass Effect ní Ọdún 2012

Ní oṣù Kẹta ọdún 2012, ẹrù kan dé sí ilé-iṣẹ́ BioWare ní ìlú Edmonton, ní orílẹ̀-èdè Kánádà. Kéèkì kéékèèké 400 ni. Àwọ̀ mẹ́ta ni wọ́n pín sí: pupa, búlúù àti àwọ̀ ewé. Ṣùgbọ́n bí o bá gé èyí tó pupa jẹ, tí o tún gé aláwọ̀ ewé jẹ, adùn kan náà ni wàá bá ní ẹnu. Àwọn tó ń gbá géèmù Mass Effect ni wọ́n dáwó jọ, tí wọ́n ní kí wọ́n ṣe é ránṣẹ́. Àwa tí a ti kọ́ nípa àrokò ní kíláàsì kò nílò ògbufọ̀ fún irú ẹrù bẹ́ẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe dé orí kéèkì ni a fẹ́ rò fún yín. Ẹ̀yin tí ẹ kò gbá géèmù rí, ẹ má tíì kọjá lọ. Ọ̀rọ̀ ìtàn sísọ ni, iṣẹ́ tiwa gan-an ló kàn.

Ọdún 1995 ni wọ́n dá BioWare sílẹ̀. Dókítà oníṣègùn ni àwọn tó dá a sílẹ̀: Ray Muzyka, Greg Zeschuk àti Augustine Yip. (Ẹ má jẹ́ kí àwọn òbí tó ní dandan ni kí ọmọ àwọn ka ìṣègùn gbọ́ o.) Baldur's Gate, tó jáde ní 1998, ló sọ wọ́n di olókìkí. Ní 2003, wọ́n gbé Knights of the Old Republic jáde, ìtàn tó wà nínú ayé Star Wars. Ó dùn, ó tà, ṣùgbọ́n ayálégbé ni wọ́n nínú ayé yẹn. Ayálégbé kì í wó ògiri. Casey Hudson tó darí iṣẹ́ náà àti òǹkọ̀wé Drew Karpyshyn wá bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ilé tiwọn. Ilé náà ni Mass Effect. Ó jáde lórí Xbox 360 ní oṣù Kọkànlá ọdún 2007.

Shepard ni orúkọ akọni inú rẹ̀, ọ̀gá ológun tó ń wa ọkọ̀ òfurufú Normandy kiri láàrin àwọn ìràwọ̀. Ìwọ tó ń gbá a lo máa pinnu bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. O lè sọ ọ́ ní orúkọ tó wù ọ́, ṣùgbọ́n Shepard ni gbogbo ènìyàn á máa pè é, nítorí pé wọ́n ti gba ohùn àwọn òṣèré sílẹ̀ kí o tó dé. Mark Meer ló sọ̀rọ̀ fún ọkùnrin, Jennifer Hale fún obìnrin. Bí ogun bá dé, ènìyàn méjì péré lo lè mú dání nínú ikọ̀ rẹ. O lè dá ogun dúró ná, kí o pàṣẹ fún ẹni kọ̀ọ̀kan ibi tí yóò sá sí àti ohun tí yóò jù, kí ìjà tó tẹ̀síwájú.

Ìyẹn nìkan kọ́ ló gbé e ga. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti sọ pé apá mẹ́ta ni ìtàn náà yóò ní, àti pé ohun tí o bá ṣe nínú apá kìíní yóò bá ọ dé apá kẹta. Fáìlì tí o tọ́jú pamọ́ ni kọ̀ǹpútà yóò kà láti mọ ẹni tó kù àti ẹni tó kú.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ àwọn krogan, torí òun ló wọ̀ wá lára jù. Ẹ̀yà alágbára ni wọ́n. Àwọn salarian, ẹ̀yà onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, ló fún wọn ní ọkọ̀ òfurufú kí wọ́n lè bá wọn jagun. Nígbà tí ogun parí, krogan pọ̀ jù, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí gba ilẹ̀ onílẹ̀. Àwọn salarian bá ṣe àrùn kan tí wọ́n pè ní genophage, àwọn turian sì tú u dà sí wọn lára. Láti ìgbà náà, nínú 1,000 oyún krogan, bóyá la fi rí ẹyọ kan tó yè. Àwa tó jẹ́ pé àdúrà ọmọ ni a fi ń sin ìyàwó dé ilé ọkọ, a kò lè ka irú ìtàn yẹn bí eré.

Wrex ni krogan tó wà nínú ikọ̀ rẹ. Ní apá kìíní, o dé pílánẹ́ẹ̀tì Virmire, níbi tí ọ̀tá ti ní oògùn genophage lọ́wọ́, iṣẹ́ rẹ sì ni láti wó ibẹ̀ palẹ̀. Inú bí Wrex. Bí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ kò bá tó, ìbọn ni yóò parí rẹ̀, Wrex á kú síbẹ̀. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, ní apá kẹta, bí Wrex bá yè, òun ni olórí àwọn krogan. Bí ó bá ti kú, Wreav, olórí líle tó fẹ́ gbẹ̀san, ló jókòó síbẹ̀. Wọ́n ní kí o wo àrùn náà sàn. Àwọn kan sì fọgbọ́n bẹ̀ ọ́ pé kí o ba oògùn náà jẹ́ ní ìkọ̀kọ̀. Bí o bá gbà, tí Wrex sì mọ̀, yóò wá bá ọ. Ìjà ojúkojú ni, kò sì ní yè é. A kò mọ ìwé ìtàn tó lè mú kí òǹkàwé fúnra rẹ̀ jẹ̀bi báyẹn.

Apá kejì jáde ní oṣù Kìíní ọdún 2010. Níparí rẹ̀, bí o kò bá yan ẹni tó yẹ sí iṣẹ́ tó yẹ, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ á máa kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Shepard pàápàá lè kú.

Nítorí náà, nígbà tí apá kẹta ń bọ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 2012, ìrètí ti ga. Hudson fúnra rẹ̀ ti sọ fún àwọn oníròyìn pé kò ní jẹ́ irú géèmù tí ènìyàn á ti máa ka ìparí rẹ̀ ní A, B, C. Àfi ìgbà tí wọ́n gbá a dé òpin! Òjìji ọmọdé kan yọ sí Shepard, ó fi ọ̀nà mẹ́ta hàn án: pa àwọn ẹ̀rọ Reaper run, jọba lé wọn lórí, tàbí da ènìyàn pọ̀ mọ́ ẹ̀rọ. Ìmọ́lẹ̀ bú jáde, ó pupa, tàbí ó jẹ́ búlúù, tàbí ó jẹ́ àwọ̀ ewé. Fíìmù tó tẹ̀ lé e fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bákan náà. Wrex ńkọ́? Àwọn krogan ńkọ́? Ìdákẹ́rọ́rọ́.

Orí ayélujára gbiná. Àwọn kan dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Retake Mass Effect, wọ́n sì dáwó tó lé ní 80,000 dọ́là fún àjọ Child's Play, tó ń fi géèmù àti ohun ìṣeré ránṣẹ́ sí àwọn ọmọdé ní ilé ìwòsàn. Ẹnì kan ní òun ti fi ẹjọ́ sun ìjọba Amẹ́ríkà pé ìpolówó géèmù náà jẹ́ ẹ̀tàn. Àwọn mìíràn bínú sí àwọn tó ń bínú: iṣẹ́ ọnà ni, olówó rẹ̀ ló ni í.

Ìjà yìí kì í ṣe tuntun. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1893, Arthur Conan Doyle pa Sherlock Holmes. Àwọn òǹkàwé kò gbà, wọ́n ń kọ lẹ́tà sí i. Ní 1903, Holmes jí dìde. Ṣùgbọ́n àwọn òǹkàwé Doyle kò bá a kọ ìlà kan nínú ìtàn náà. Àwọn tó gbá Mass Effect ti fi ọwọ́ ara wọn pa, wọ́n ti fi ọwọ́ ara wọn gbà là. Ibi tí a dúró sí nìyẹn: àwọn olùfẹ̀hónúhàn kò ni ìtàn náà, ṣùgbọ́n gbèsè wà nílẹ̀, BioWare ló sì jẹ ẹ́. Ẹni tó ń pa àlọ́ kì í gbọ́ “àlọ̀” lẹ́nu àwọn ọmọ láti ìbẹ̀rẹ̀ kó wá ṣe bí ẹni pé òun nìkan ló wà níbẹ̀ nígbà tó bá ku díẹ̀.

A mọ ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo ẹ̀ka tí o bá ṣí nínú ìtàn, ẹnì kan gbọ́dọ̀ kọ ọ́, ẹnì kan gbọ́dọ̀ sọ ọ́, ẹnì kan gbọ́dọ̀ yà á, ọdún méjì àti díẹ̀ péré ló sì wà láàrin apá kejì àti apá kẹta. Àpẹẹrẹ rẹ̀ ti yọjú ṣáájú ìparí: ọ̀pọ̀ ìpinnu ọlọ́dún márùn-ún ti di máàkì tí wọ́n ń kó jọ fún ogun. Yálà o dá ayaba rachni sí ní apá kìíní tàbí o pa á, wàá ṣì bá rachni pàdé ní apá kẹta.

BioWare kó kéèkì náà fún ilé kan tí àwọn ọ̀dọ́ aláìnílé ń sùn. Muzyka kọ lẹ́tà sí gbogbo ènìyàn. Ní 26 oṣù Kẹfà ọdún kan náà, wọ́n gbé Extended Cut jáde lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀nà mẹ́ta náà kò yí padà, ṣùgbọ́n wọ́n fi àlàyé kún un, a rí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn krogan, wọ́n sì fi ọ̀nà kẹrin kún un: kọ gbogbo rẹ̀. Bí o bá kọ̀ ọ́, gbogbo ènìyàn á kú. (Ó jọ pé inú ń bí ẹni tó kọ ìyẹn díẹ̀.) Ní oṣù Kẹsàn-án, Muzyka àti Zeschuk fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2021, wọ́n kó apá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, wọ́n pè é ní Legendary Edition. Extended Cut ló wà nínú rẹ̀. Ìparí tí wọ́n torí rẹ̀ jà ní oṣù Kẹta ọdún 2012 kò sí níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí i yóò lọ wá díìsì àtijọ́.