Ìgbà Tí Nǹkan Oṣù Bá Dúró: Ìtàn Bí Àwọn Oníṣègùn Ṣe Ń Wo Obìnrin

Àwọn àgbà a máa wí pé ọgbọ́n ọdún yìí, wèrè ẹ̀míì ni. Bí a bá wo ìtàn ìṣègùn, ó ṣòro láti rí ibi tí òwe yìí gbé bá ọ̀ràn mu ju ọ̀ràn obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró lọ. Láàárín igba ọdún, àwọn oníṣègùn Yúróòpù àti ti Amẹ́ríkà ti pè é ní àìsàn, wọ́n sì ti wí pé kì í ṣe àìsàn rárá. Wọ́n ti fi oògùn lé obìnrin lọ́wọ́ bí ẹni ń fún ọmọdé ní àkàrà, wọ́n ti gba oògùn náà padà, wọ́n sì tún ti nà án sí i lẹ́ẹ̀kejì. Ohun tí mo fẹ́ ṣe nínú àròkọ yìí ni pé kí n tọ ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kí a lè mọ ohun tí ó ń mú wọn yí ọ̀rọ̀ padà, àti ẹni tí ìyípadà náà ń dùn.

Kí a tó lọ jìnnà, ó yẹ kí a mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ara. Ẹyin tí obìnrin yóò lò ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ni a ti bí mọ́ ọn. Bí ọdún ti ń gorí ọdún ni wọ́n ń dín kù, títí wọn yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ilé ẹyin yìí kan náà ni ó ń pèsè èròjà méjì tí àwọn onímọ̀ ń pè ní ẹ́sítírójìn àti pùrójẹ́sítẹ́rọ́nù. Àwọn wọ̀nyí wà nínú ẹbí àwọn èròjà tí a ń pè ní họ́mọ́ọ̀nù, tí ẹ̀jẹ̀ ń gbé kiri láti jẹ́ iṣẹ́ fún gbogbo ẹ̀yà ara. Láàárín ọdún 45 sí 55 ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ obìnrin ń rí i pé nǹkan oṣù kọ́kọ́ ń ṣe ségesège, kí ó tó wá dúró pátápátá. Bí oṣù méjìlá bá kọjá láìsí ẹ̀jẹ̀, a lè wí pé ó ti dúró. Ní àkókò náà, ooru a dédé bo obìnrin láti àyà dé orí, òógùn a bò ó lóru, oorun a dá lójú rẹ̀, agara a sì máa dá a lọ́sàn-án. Egungun rẹ̀ a máa pàdánù agbára díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé ó mọ̀. Ẹlòmíràn kì í rí ju díẹ̀ nínú èyí lọ. Ẹlòmíràn a sì rí gbogbo rẹ̀ fún ọdún gbọọrọ.

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹni tí ó sọ ọ̀ràn yìí lórúkọ ní Yúróòpù ni oníṣègùn ará Faransé kan, Charles de Gardanne. Ní ọdún 1821 ni ó pè é ní ménopause nínú ìwé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì ni ó so pọ̀: èkínní ń sọ nípa oṣù, èkejì ń sọ nípa ìdúró. Orúkọ náà kò jìnnà sí ti wa, nítorí pé àwa náà ń wí pé nǹkan oṣù ti dúró. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí orúkọ di orúkọ àrùn. Ní ọdún 1857, Edward Tilt, oníṣègùn kan ní Lọ́ńdọ̀nù, tẹ ìwé kan jáde lórí ọ̀ràn náà, ó sì ka oríṣiríṣi àìsàn sílẹ̀ tí ó gbà pé àkókò yìí ni ó ń fà wọ́n. Ohun tí àwọn oníṣègùn ìgbà náà ní láti fi wò wọ́n kò ju kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ lára obìnrin, kí wọ́n fún un ní oògùn ìyàgbẹ́, kí wọ́n sì fi ópíọ́mù mú un sùn. Ẹni tí agara ń dá, wọ́n tún ń fa ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀!

Ní ìparí ọ̀rúndún náà, àwọn oníṣègùn Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ ilé ẹyin màlúù, wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n sì ń fún obìnrin lò. Kò tíì sí ẹni tí ó mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ní ọdún 1905 ni Ernest Starling, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Lọ́ńdọ̀nù, lo ọ̀rọ̀ náà họ́mọ́ọ̀nù fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó yá a láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó túmọ̀ sí kí a ru nǹkan sókè. Ní ọdún 1929, Edward Doisy ní Amẹ́ríkà àti Adolf Butenandt ní Jámánì, olúkúlùkù ní àyè tirẹ̀, yọ ẹ́sítírójìn kan jáde ní mímọ́ láti inú ìtọ̀ àwọn aboyún. Butenandt gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1939, ṣùgbọ́n ìjọba Hitler kò jẹ́ kí ó tẹ́wọ́ gbà á nígbà náà. Láti inú ìtọ̀ ènìyàn, ọ̀rọ̀ kan ìtọ̀ ẹṣin. Ilé oògùn Ayerst fi ìtọ̀ abo ẹṣin tí ó lóyún ṣe oògùn kan tí wọ́n ń pè ní Premarin. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní Kánádà ní ọdún 1941, àti ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1942.

Ibi tí ìtàn náà gbé kan iṣu ni ó yẹ kí ọmọ Yorùbá fi etí sí jù lọ. Ẹ́sítírójìn nìkan kọ́ ni obìnrin ń fẹ́. Pùrójẹ́sítẹ́rọ́nù pẹ̀lú wà níbẹ̀, èyí sì wọ́n bí ojú. Láti ara ẹranko ni wọ́n ń yọ ọ́, gíráàmù kan ṣoṣo sì tó nǹkan bí dọ́là 80. Russell Marker, onímọ̀ kẹ́místírì kan ní Pennsylvania, ti rí ọ̀nà tí a fi lè sọ èròjà kan tí ó wà nínú àwọn ewéko di pùrójẹ́sítẹ́rọ́nù. Ewéko tí èròjà náà pọ̀ nínú rẹ̀ ni kò rí. Ní ọdún 1942 ó lọ sí Veracruz ní ilẹ̀ Mẹ́síkò, níbẹ̀ ni ó sì ti rí iṣu igbó ńlá kan tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní cabeza de negro, èyí tí ó túmọ̀ sí orí ènìyàn dúdú. Iṣu yìí àti iṣu tí à ń gún, àti ewùrà, àti èsúrú, ìdílé kan náà ni wọ́n nínú ìmọ̀ ewéko.

Marker bẹ àwọn ilé oògùn Amẹ́ríkà pé kí wọ́n bá òun dá iṣẹ́ náà sílẹ̀, wọn kò gbà. Ó padà sí Mẹ́síkò, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì sì dá ilé iṣẹ́ Syntex sílẹ̀ ní ọdún 1944. Ọdún kan péré lẹ́yìn náà, ìjà dé láàárín wọn, Marker sì fi ibẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò dúró. Wọ́n rí iṣu igbó mìíràn tí ó sàn ju ti àkọ́kọ́ lọ, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ barbasco. Iye owó pùrójẹ́sítẹ́rọ́nù wálẹ̀ gan-an. Ní ọdún 1951, Luis Miramontes, Carl Djerassi àti George Rosenkranz ṣe èròjà kan ní Syntex tí ó di ọ̀kan nínú ìpìlẹ̀ oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí, tí wọ́n sì tún ń lò fún àwọn obìnrin tí nǹkan oṣù wọn ti dúró.

Ta ni ó wa iṣu náà? Àwọn àgbẹ̀ aláìní ní Veracruz, ní Oaxaca àti ní Chiapas ni ó wọ inú igbó lọ, tí wọ́n hú u, tí wọ́n sì gbé e léjìká jáde. Owó kékeré ni ó kàn wọ́n, nígbà tí àwọn ilé oògùn ilẹ̀ òkèèrè ń kó èrè ńlá. Ní ọdún 1975, ìjọba Mẹ́síkò dá ilé iṣẹ́ Proquivemex sílẹ̀ láti gba òwò náà sọ́wọ́ ara wọn. Ó ti pẹ́ jù: àwọn onímọ̀ ti ń rí ohun tí wọ́n fẹ́ láti inú sóyà àti láti ọ̀nà mìíràn, òwò iṣu náà sì kú díẹ̀díẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí èyí wí pé bí obìnrin bá ti jẹ iyán yó, họ́mọ́ọ̀nù rẹ̀ ti pé. Inú ìgò àwọn onímọ̀ kẹ́místírì ni a gbé ń sọ èròjà iṣu di họ́mọ́ọ̀nù; ikùn ènìyàn kò lè ṣe iṣẹ́ náà. Àwọn tí ń ta ìpara iṣu igbó fún àwọn obìnrin pẹ̀lú ìlérí yìí, ọjà ni wọ́n ń tà.

Nígbà tí oògùn ti pọ̀, ó ku kí wọ́n wá aláìsàn. Ní ọdún 1966, Robert Wilson, oníṣègùn kan ní New York, tẹ ìwé kan jáde tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Feminine Forever. Ohun tí ó wí nínú rẹ̀ ni pé àrùn àìní họ́mọ́ọ̀nù ni dídúró nǹkan oṣù, àti pé obìnrin tí kò bá lo ẹ́sítírójìn yóò rọ, kò sì ní wu ọkọ rẹ̀ mọ́. Ìwé náà tà wàrà-wàrà. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ: ó hàn nígbẹ̀yìn pé àwọn ilé oògùn tí ń ṣe họ́mọ́ọ̀nù ti fi owó ran àjọ tí Wilson dá sílẹ̀ lọ́wọ́. Títí di nǹkan bí ọdún 1975, Premarin ti wà lára àwọn oògùn tí àwọn oníṣègùn Amẹ́ríkà ń kọ fún ènìyàn jù lọ.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1975 ni ariwo àkọ́kọ́ ta. Ìwádìí méjì jáde nínú New England Journal of Medicine, tí ó fi hàn pé àwọn obìnrin tí ń lo ẹ́sítírójìn nìkan ń ní jẹjẹrẹ ilé ọmọ ju àwọn tí kò lò ó lọ. Oògùn náà kò tà mọ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí i pé bí a bá fi èròjà tí ó jọ pùrójẹ́sítẹ́rọ́nù kún un, ewu yìí ń lọ sílẹ̀. Ọjà sì tún gbóná.

Ariwo kejì ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ní ọdún 1991, ìjọba Amẹ́ríkà dá ìwádìí ńlá kan sílẹ̀ tí à ń pè ní Women's Health Initiative. Obìnrin 16,608 ni ó wà nínú apá tí a fi dán oògùn alápapọ̀ méjèèjì wò. Wọ́n fún àwọn kan ní oògùn, wọ́n sì fún àwọn yòókù ní ohun tí kò ní oògùn nínú. Ní oṣù Keje ọdún 2002, wọ́n dá apá yìí dúró kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé, wọ́n sì kéde pé oògùn náà fi ìdá 26 nínú ọgọ́rùn-ún kún jẹjẹrẹ ọmú. Ẹ̀rù ba ayé. Àwọn obìnrin da oògùn nù, ọ̀pọ̀ oníṣègùn sì kọ̀ láti kọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ kí a fi ara balẹ̀ wo ìṣirò náà. Nínú 10,000 obìnrin tí kò lo oògùn, nǹkan bí 30 ni ó ń ní jẹjẹrẹ ọmú lọ́dún kan. Nínú 10,000 tí ó lò ó, nǹkan bí 38. Ènìyàn mẹ́jọ ni ó fi kún un. Wọ́n tún rí ènìyàn mẹ́jọ tí àrùn rọpárọsẹ̀ fi kún, ṣùgbọ́n egungun ìbàdí ènìyàn márùn-ún ni kò dá mọ́. Ènìyàn mẹ́jọ kì í ṣe ohun tí a ń fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, nítorí ẹ̀mí kò láàrọ̀. Síbẹ̀ ẹni tí ó gbọ́ ìdá 26 kò mọ̀ pé ohun tí ó gbọ́ nìyẹn. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, àwọn obìnrin inú ìwádìí náà ti dàgbà tó ọdún 63 bí a bá pín ọjọ́ orí wọn dọ́gba. Àwọn tí ooru ń bò ní ọdún 50 kọ́ ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Nígbà tí wọ́n tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò, wọ́n rí i pé fún ẹni tí kò tíì pé 60 ọdún, tàbí tí nǹkan oṣù rẹ̀ kò tíì dúró ju ọdún mẹ́wàá lọ, àǹfààní oògùn náà sábà máa ń ju ewu rẹ̀ lọ, bí kò bá ní àrùn tí ó lòdì sí i. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, àjọ tí ń ṣàkóso oògùn ní Amẹ́ríkà kéde pé àwọn yóò yọ púpọ̀ nínú ìkìlọ̀ líle tí àwọn ti kọ sára oògùn náà láti bí ogún ọdún ó lé. Ọgbọ́n ọdún yìí tún di wèrè ẹ̀míì.

Ohun tí mo rí fà yọ nínú ìtàn yìí ni pé fún ìgbà pípẹ́, ẹni gbogbo ni ó ń sọ ọmọ lórúkọ àfi ẹni tí ó bí i. Ìgbà tí wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn obìnrin léèrè lọ́dọọdún ni òtítọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Nínú ìwádìí Amẹ́ríkà kan tí à ń pè ní SWAN, tí àbájáde rẹ̀ kan jáde ní ọdún 2015, ó hàn pé ooru yìí a máa bá ọ̀pọ̀ obìnrin jà fún ọdún méje ó lé, àti pé ti àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú ni ó pẹ́ jù, tó ọdún mẹ́wàá. Oṣù díẹ̀ ni àwọn ìwé àtijọ́ mìíràn ń wí! Bẹ́ẹ̀ ni Kristen Hawkes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n gbé láàárín àwọn Hadza ní Tànsáníà, rí i pé àwọn ìyá àgbà ni ó ń fi agbára wa gbòǹgbò jíjẹ nínú ilẹ̀ fún àwọn ọmọ-ọmọ wọn. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti dá a lábàá, ní ọdún 1998, pé nítorí irú iṣẹ́ yìí ni ìran ènìyàn fi ń pẹ́ láyé lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá ti dúró. Ẹni tí Wilson ń pè ní aláàbọ̀ ara ni àwọn wọ̀nyí rí gẹ́gẹ́ bí òpó ilé.

Ní ilẹ̀ wa, a kò pe dídúró nǹkan oṣù ní àrùn. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ìgbà náà ni obìnrin ń ní àyè láti dé ibi tí èèwọ̀ nǹkan oṣù kò jẹ́ kí ó dé tẹ́lẹ̀, a sì ń bu ọlá fún un. Èyí dára. Ṣùgbọ́n ọlá kò gbẹ òógùn òru. Nítorí pé a ti sọ obìnrin di ìyá àgbà, ojú a máa tì í láti wí pé òun kò rí oorun sùn, àwa náà a sì máa wí pé inú ń bí i lásán. Ìyá tí ó ń jí lọ sí ọjà láago márùn-ún òwúrọ̀, tí kò sùn lóru, tí kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni, iṣẹ́ méjì ni ó ń ṣe.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin olùkọ́ wa, iṣẹ́ ń bẹ fún wa. Ẹni tí ń kọ́ ìṣègùn nínú wa, kí ó bi obìnrin léèrè kí ó tó kọ oògùn. Ẹni tí ń kọ́ èdè, kí ó kó ọ̀rọ̀ tí àwọn ìyá wa ń lò fún ooru náà, fún àìsùn náà àti fún agara náà jọ, kí ó má bàa jẹ́ pé èdè òyìnbó nìkan ni wọn yóò fi máa bá dókítà sọ̀rọ̀. Kí obìnrin tí ara ń ni wá ìtọ́jú, kí ó jẹun tí ń mú egungun le, kí ó máa rìn, kí ó sinmi láìwo ojú ẹnikẹ́ni, kí ó sì béèrè iye ewu àti iye àǹfààní oògùn lọ́wọ́ ẹni tí ó ń fún un. Bí ẹ̀jẹ̀ bá tún yọ lẹ́yìn tí ó ti dúró fún ọdún kan, kí ó má ṣe dúró dè é. Kí ó lọ rí oníṣègùn.

Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí. Bí ó bá dé inú rẹ̀, a di odindi.