Ìwádìí Ìlànà Iṣẹ́ àti Àjùmọ̀ṣe Kọ̀ǹpútà: Ìtàn Bí A Ṣe Yanjú Ìṣòro nug30 (1968–2000)

1.0 Ìfáàrà

Ohun tó jẹ wá lógún nínú iṣẹ́ yìí ni bí ẹ̀ka ìmọ̀ méjì tó dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ṣe pàdé ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní ọdún 2000, tí wọ́n sì yanjú ìṣòro tí ọ̀kankan nínú wọn kò lè dá yanjú. Èkíní ni Operations Research, tí a ó máa pè ní ìwádìí ìlànà iṣẹ́. Ìmọ̀ ìṣirò ni, ó ń wá ọ̀nà tó dára jù lọ láti pín iṣẹ́, ẹrù tàbí àkókò. Ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì ló gbilẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Èkejì ni parallel computing, ìyẹn àjùmọ̀ṣe kọ̀ǹpútà, níbi tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ti ń ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan náà. Èrò wa ni pé ìfọwọ́sowọ́pọ̀ àwọn onímọ̀ náà ló mú àṣeyọrí wá, kì í ṣe pípọ̀ ẹ̀rọ nìkan.

2.0 Ìṣòro Náà

Ní ọdún 1957, Tjalling Koopmans àti Martin Beckmann gbé ìbéèrè kan kalẹ̀: bí a bá ní ilé iṣẹ́ mélòó kan, tí a sì ní iye ààyè kan náà, èwo ni kí á fi sí ibo kí ìnáwó lórí lílọ bíbọ̀ ẹrù láàrin wọn lè kéré jù lọ? Ìbéèrè yìí kan ìgbésí ayé ènìyàn gbáà. Ní ọdún 1977, A. N. Elshafei lò ó fún títo àwọn ẹ̀ka ilé ìwòsàn kan ní ìlú Káírò, kí ìrìn àwọn aláìsàn láti ẹ̀ka kan sí èkejì lè dín kù.

Ní ọdún 1968, Nugent, Vollmann àti Ruml gbé àwọn àpẹẹrẹ ìṣòro yìí jáde. Èyí tó ní ilé iṣẹ́ 30 àti ààyè 30 ni a mọ̀ sí nug30. Iye ọ̀nà tí a lè gbà tò wọ́n pọ̀ débi pé ẹyọ nọ́ńbà 33 ni a ó fi kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ẹ̀rọ kan bá tilẹ̀ ń yẹ tírílíọ̀nù kan wò ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, yóò gbà á ju tírílíọ̀nù 8 ọdún lọ. Ó hàn gbangba pé agbára ẹ̀rọ nìkan kò lè tó o.

3.0 Ìdajì Ojútùú Lọ́wọ́ Ẹnì Kọ̀ọ̀kan

Ní ọdún 1960, Ailsa Land àti Alison Doig ti London School of Economics gbé ìlànà kan jáde. A ó pín ìṣòro náà bí ẹ̀ka igi; a ó ṣírò iye tí ìnáwó ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan kò lè kéré sí; bí iye yìí bá ti ju èyí tó wà lọ́wọ́ wa lọ, a ó gé ẹ̀ka náà dànù. Kurt Anstreicher àti Nathan Brixius ti Yunifásítì Iowa wá ọ̀nà tuntun láti ṣe ìṣirò yìí fún irú ìṣòro nug30. Síbẹ̀, kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo yóò lo nǹkan bí ọdún 7 kí ó tó parí rẹ̀.

Ní Yunifásítì Wisconsin, láti ìparí àwọn ọdún 1980, ni ètò Condor ti ń kó àwọn kọ̀ǹpútà tí kò ríṣẹ́ ṣe jọ fún iṣẹ́ ìwádìí. Ṣùgbọ́n bí olóhun bá ti padà dé ìdí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ẹ̀rọ náà yóò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, àwọn ẹ̀ka ìṣòro náà kò dọ́gba: òmíràn a parí lójú ẹsẹ̀, òmíràn a sì pẹ́.

Jeff Linderoth àti Jean-Pierre Goux, pẹ̀lú àwọn onímọ̀ Condor, pèsè irinṣẹ́ tí wọ́n pè ní MW. Bí ọ̀wẹ̀ ló rí: ẹ̀rọ kan ni olóko tó ń pín poro, àwọn yòókù ni alágbàṣe. Bí ẹnì kan bá lọ, ipa tirẹ̀ kò sọnù. Olóko yóò gbé e fún ẹlòmíràn. Àwọn onímọ̀ ìṣirò náà sì tún ìlànà wọn ṣe: bí ẹ̀rọ kan bá ti pẹ́ jù lórí ẹ̀ka kan, yóò dá ìyókù padà fún àtúnpín.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2000, láàrin nǹkan bí ọjọ́ 7, iṣẹ́ náà parí. Ní ìpíndọ́gba, ẹ̀rọ bí 650 ló ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Nígbà mìíràn wọ́n ju 1000 lọ, ní Amẹ́ríkà àti Ítálì. Ìdáhùn tó jáde ni 6124. Àwọn onímọ̀ ti ní iye yìí lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀; ẹ̀rí pé kò sí èyí tó kéré jù ú lọ ni wọn kò ní fún ọdún 32.

4.0 Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé ìṣirò láìsí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìbá gba ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ láìsí ìṣirò kò sì ní parí láéláé. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni tó ń kọ́ ìṣirò pọ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà. Bí wọ́n bá dé iwájú kíláàsì, kí wọ́n má ṣe kọ́ni ní méjèèjì bí ẹni pé ògiri wà láàrin wọn. Ọmọ tó mọ bí a ti ń pín iṣẹ́ fún ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n tí kò mọ ẹ̀ka tó yẹ kí á gé, àbọ̀ ẹ̀kọ́ ló gbà.