Ọmọ ogun páráṣúùtì Gẹ̀ẹ́sì àti ti Amẹ́ríkà: kí ló yàtọ̀ láàárín wọn?

Mọ́jú ọjọ́ kẹfà, oṣù Kẹfà, ọdún 1944, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ogun fò jáde látinú ọkọ̀ òfurufú sínú òkùnkùn ilẹ̀ Normandy, ní Faransé. Ogun Àgbáyé Kejì ni, ogun tí àwọn ọmọ Nàìjíríà náà lọ jà ní Bọ́mà. Apá ìlà oòrùn làwọn Gẹ̀ẹ́sì balẹ̀ sí, apá ìwọ̀ oòrùn ni ti Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n rán wọn: kí wọ́n gba afárá, kí wọ́n dínà mọ́ àwọn ọmọ ogun Jámánì, kí àwọn tó ń gba ojú òkun bọ̀ lè rí ilẹ̀ tẹ̀.

Àmọ́ ohun èlò wọn ò dọ́gba, ìyàtọ̀ yẹn sì ná àwọn kan ní ẹ̀mí wọn. Ẹ jẹ́ ká wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀

Jámánì ló kọ́kọ́ fi hàn wọ́n pé ogun lè ti ojú ọ̀run wá. Ní oṣù Karùn-ún, ọdún 1940, ọmọ ogun wọn balẹ̀ sórí odi Eben-Emael ní Bẹ́ljíọ̀mù, wọ́n sì gbà á. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni Winston Churchill, olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ní kí wọ́n kó ọmọ ogun páráṣúùtì jọ, ó kéré tán 5,000. Ringway, nítòsí Manchester, ni wọ́n ti ń kọ́ wọn.

Amẹ́ríkà ò tíì wọ ogun nígbà yẹn, àmọ́ ọdún 1940 yẹn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdánwò tiwọn ní Fort Benning, ìpínlẹ̀ Georgia. Nígbà tó fi máa di ìgbà ogun Normandy, Dífíṣọ̀n 82 àti 101 ni Amẹ́ríkà rán lọ. Dífíṣọ̀n 6 ni Gẹ̀ẹ́sì rán.

Owó wọn ńkọ́?

Lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì, ẹni tó bá fínnúfíndọ̀ yọjú ló ń fi páráṣúùtì fò. Dọ́là 50 ni Amẹ́ríkà ń fi kún owó oṣù ọmọ ogun kéékèèké tó bá ń fò. Ṣílè méjì lójúmọ́ ni ti Gẹ̀ẹ́sì, tí kò ju nǹkan bíi dọ́là 12 lóṣù lọ.

Àwọn tó ń wọ gíláídà, ìyẹn ọkọ̀ òfurufú tí kò ní ẹ́ńjìnnì, tí ọkọ̀ mìíràn ń fi okùn fà lójú ọ̀run, ò rí bẹ́ẹ̀. Ṣe ni Amẹ́ríkà yan àwọn tiwọn síbẹ̀, wọn ò sì fún wọn ní owó àfikún kankan títí di àárín ọdún 1944, bẹ́ẹ̀ ikú ò ṣàì wà nínú gíláídà.

Páráṣúùtì: ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an

Páráṣúùtì méjì ni ọmọ ogun Amẹ́ríkà ń gbé: ńlá lẹ́yìn, kékeré láyà, bí awakọ̀ ṣe ń gbé sípíà táyà. Ẹyọ kan ṣoṣo ni Gẹ̀ẹ́sì gbé. Ibi tí wọ́n ti ń fò ò ga, ẹni tí páráṣúùtì rẹ̀ bá kọ̀ láti ṣí ò ní fi bẹ́ẹ̀ ráyè ṣí òmíràn.

Ti Gẹ̀ẹ́sì, okùn ló kọ́kọ́ ń nà tán kí aṣọ tó ṣí, kì í fi bẹ́ẹ̀ já èèyàn gbà. Ti Amẹ́ríkà, aṣọ ló ń ṣí ṣáájú, ó sì máa ń fa èèyàn gìrì. Ní Normandy, àpò ẹrù tí ọ̀pọ̀ wọn so mọ́ ẹsẹ̀ já bọ́ lójú ọ̀run, wọ́n sì balẹ̀ láìní ohun ìjà tó wà nínú rẹ̀.

Bí wọ́n bá wá balẹ̀ ńkọ́? Ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì yóò yí irin kan láàárín àyà rẹ̀, yóò lù ú, gbogbo bẹ́líìtì á tú. Ará Amẹ́ríkà ní láti tú ìkọ́ tirẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Lórí ilẹ̀ gbígbẹ, ìyẹn ò fi bẹ́ẹ̀ burú. Àmọ́ Jámánì ti jẹ́ kí omi bo pápá lẹ́bàá odò Merderet àti Douve. Àwọn kan bọ́ sínú rẹ̀ pẹ̀lú ẹrù wọn, wọn ò rí ara wọn tú, omi sì gbé wọn lọ. Omi pa àwọn Gẹ̀ẹ́sì kan náà lẹ́bàá odò Dives, nítorí ẹrù ti wúwo jù.

Àwọn tó ń wa gíláídà

Àwọn awakọ̀ gíláídà Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ jagunjagun: bí wọ́n bá ti balẹ̀, wọ́n á gbé ìbọn. Ti Amẹ́ríkà wà lábẹ́ ẹ̀ka òfurufú, wọn ò kọ́ wọn níjà orí ilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ní òru Normandy, gíláídà mẹ́fà gbé ikọ̀ Major John Howard lọ gba afárá méjì, ọ̀kan lórí odò Orne, èkejì lórí omi Caen. Márùn-ún balẹ̀ nítòsí ibẹ̀, afárá méjèèjì sì bọ́ sọ́wọ́ wọn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Arnhem

Ní oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1944, àwọn méjèèjì tún jọ jà ní Netherlands. Ní Nijmegen, ọkọ̀ ojú omi kànfáàsì tí Gẹ̀ẹ́sì kó wá ni ọmọ ogun Dífíṣọ̀n 82 fi sọdá odò Waal ní ọ̀sán gangan, lójú ìbọn. Ṣùgbọ́n ní Arnhem, ibi tó jìnnà sí afárá ni wọ́n sọ Dífíṣọ̀n 1 Gẹ̀ẹ́sì sí, wọn ò sì lè kó gbogbo wọn débẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ikọ̀ kékeré tó dé afárá di ìhà kan rẹ̀ mú fún ọjọ́ mélòó kan, ìrànwọ́ ò dé. Nínú nǹkan bí 10,000 tó lọ, nǹkan bí 2,400 ló sọdá odò Rhine padà. Ìgboyà wà, páráṣúùtì ṣí. Ibi tí wọ́n sọ wọ́n sí ló ba iṣẹ́ jẹ́.

Wọ́n kọ́gbọ́n. Ní ọjọ́ 24, oṣù Kẹta, ọdún 1945, Dífíṣọ̀n 6 Gẹ̀ẹ́sì àti 17 Amẹ́ríkà jọ sọdá Rhine. Ó lé ní 16,000 èèyàn, ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n kó wọn lọ, lójú mọmọ, nítòsí ibi tí wọ́n ń lọ. Ọ̀pọ̀ kú, àmọ́ wọ́n ṣe iṣẹ́ náà parí.

Kí ogun tó parí, Amẹ́ríkà ti ń lo irin ìtúra bíi ti Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó di àwọn ọdún 1950, Gẹ̀ẹ́sì náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé páráṣúùtì kejì. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.