Iná Aláràbarà ní Afárá Ryogoku

Iná Aláràbarà ní Afárá Ryogoku jẹ́ àwòrán ilẹ̀ Japan tí Utagawa Hiroshige (1797–1858) yà, tí wọ́n sì fi pátákó gbígbẹ́ tẹ̀ jáde ní ọdún 1858. Ó wà lára ọ̀wọ́ àwòrán rẹ̀ nípa àwọn ibi olókìkí ní ìlú Edo, èyí tí à ń pè ní Tokyo lónìí.

Nígbà náà, bí ooru bá ti mú, àwọn ará Edo a máa lọ gba atẹ́gùn lálẹ́ létí odò Sumida. Àwọn onílé oúnjẹ àti ọlọ́kọ̀ ojú omi ló ń san owó iná aláràbarà tí wọ́n ń yìn sójú ọ̀run. Nínú àwòrán náà, afárá onígi dábùú odò, èrò kún orí rẹ̀, àwọn ọkọ̀ olórùlé kóra jọ sábẹ́, iná sì fọ́n ká lókè bí ìràwọ̀.

Iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ni. Ayàwòrán ya á, agbẹ́gi gbẹ́ ẹ sára igi ṣẹ́rì, atẹ̀wé sì fi ọwọ́ tẹ àwọ̀ kọ̀ọ̀kan láti ara pátákó tirẹ̀. Òun náà ló ń nu àwọ̀ dúdú lára pátákó díẹ̀díẹ̀, kí òkùnkùn ojú ọ̀run lè máa ṣá wọnú ìmọ́lẹ̀. Ọgbọ́n yìí ló jẹ́ kí alẹ́ inú àwòrán náà jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Hiroshige kú ní ọdún 1858 kan náà. Ẹ̀dà kan odindi ọ̀wọ́ náà wà ní Brooklyn Museum ní New York.