Ẹni Tó Ń Tún Rédíò Ṣe Ló Ṣe Gìtá Béèsì: Kí Ló Dé Tí À Ń Bẹ̀rù Láti Tú U?

Ẹni tó bá ti bá ẹgbẹ́ akọrin kankan ṣeré nínú ọgbà yunifásítì yóò ti gbọ́ gbólóhùn yìí rí: "Ẹ má fọwọ́ kàn án o, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó mọ̀ ọ́n." Gìtá béèsì ni wọ́n sábà máa ń sọ ọ́ fún. Bí okùn bá ń dún gìrìgìrì lára irin, ṣọ́ọ̀bù. Bí ohùn bá ń lọ tó ń bọ̀, ṣọ́ọ̀bù. Ohun tí a fẹ́ sọ nínú àròkọ yìí ni pé ìbẹ̀rù yẹn kò bá ìtàn ohun èlò náà mu rárá. Ọkùnrin tó ṣe irú gìtá béèsì tí gbogbo ayé ń lò lónìí kì í ṣe agbẹ́gilére, kì í sì í ṣe olórin. Rédíò ló ń tún ṣe.

Leo Fender lorúkọ rẹ̀. Ọdún 1909 ni wọ́n bí i ní California, ìṣirò owó ló sì kọ́ nílé ẹ̀kọ́. Nígbà tí ọ̀dá owó tó kọlu Amẹ́ríkà gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó yá dọ́là 600, ó sì ṣí ṣọ́ọ̀bù rédíò sí ìlú Fullerton ní 1938. Àwọn olórin àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í gbé gìtá àti amplifier wọn tó bàjẹ́ wá fún un. Bó ṣe di pé, kí Leo tó ṣe gìtá kan ṣoṣo tà, ó ti rí ọ̀pọ̀ tó bàjẹ́: ó mọ ibi tí wáyà ti máa ń já, ó mọ súkúrù tó máa ń tú, ó mọ ohun tó ń bí olórin nínú. Títí tó fi kú ní 1991, kò mọ gìtá ta. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn nígbà mìíràn tí ẹnì kan bá sọ fún yín pé ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ta kò lè tún un ṣe.

Kí béèsì Fender tó dé, double bass ni àwọn ẹgbẹ́ olórin ń lò, igi gìrìwò tó ga ju ènìyàn lọ. Orí ọkọ̀ ni wọ́n máa ń dè é mọ́ bí wọ́n bá ń lọ sóde eré. Tí fèrè àti ìlù bá sì ti gbóhùn sókè, ẹnikẹ́ni kì í gbọ́ ọ mọ́. Lẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi lẹ ara rẹ̀ pọ̀, igi kékeré kan wà nínú rẹ̀ tó dúró láàárín iwájú àti ẹ̀yìn láìsí lẹ́ẹ̀ kankan, bí igi yẹn bá sì ṣubú, ohùn ti bàjẹ́ nìyẹn. Iṣẹ́ ọ̀gá ni láti tún un ṣe, a ò jiyàn. Ọkùnrin kan ní Seattle, Paul Tutmarc, ti ṣe béèsì oníná tí a ń gbé kọ́ èjìká ní nǹkan bí ọdún 1936, ṣùgbọ́n ọjà rẹ̀ kò tà.

Ti Leo jáde ní 1951, ó pè é ní Precision Bass. Orúkọ náà kì í ṣe àṣejù. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní fret wà lórí ọrùn rẹ̀, nítorí náà ibi tí ohùn wà gan-an ni ìka máa bá a, kò sí pé à ń wá a kiri bí ti double bass. Láti egungun òkè ọrùn dé irin ìdí gìtá jẹ́ íǹṣì 34, ìwọ̀n yẹn náà sì ni ọ̀pọ̀ béèsì ń lò títí dòní. Ṣùgbọ́n ohun tó kàn wá jù nínú rẹ̀ ni ọrùn. Kò lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara. Súkúrù mẹ́rin ló fi dè é. Bí ọrùn bá bàjẹ́, tú súkúrù mẹ́rin, gbé òmíràn sí i, ó parí. Àwọn tó ń ṣe gìtá látayébáyé rí i, wọ́n ní iṣẹ́ pákó ni, wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́. Olórin tó ní eré lọ́la kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Monk Montgomery ta á nínú ẹgbẹ́ Lionel Hampton, jáàsì gbà á, lẹ́yìn náà gbogbo orin tó kù gbà á. Jazz Bass tẹ̀lé e ní 1960, ní 1965 ilé iṣẹ́ CBS sì fi dọ́là mílíọ̀nù 13 ra gbogbo ilé iṣẹ́ náà. Nígbà tí wọ́n wá ń fi súkúrù mẹ́ta péré de ọrùn àwọn Jazz Bass kan ní àwọn ọdún 1970, kíá ni ẹnu àwọn olórin ò dákẹ́ mọ́, pé ọrùn ń mì.

Irin kan tún wà nínú ọrùn tí a gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, torí òun ni wọ́n fi ń dẹ́rù bà wá jù. Truss rod ni. Okùn mẹ́rin béèsì, nígbà tí a bá ti yí wọn dé ohùn wọn, ń fa ọrùn pẹ̀lú agbára tó lé ní kílò 70. Ẹ rò ó wò ná: bíi kí àgbàlagbà ọkùnrin kan rọ̀ mọ́ igi náà tọ̀sán tòru. Igi yóò tẹ̀, àfi kí nǹkan kan máa fà á padà. Thaddeus McHugh, òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ Gibson, ló gba ìwé ẹ̀tọ́ irin náà ní 1923. Leo fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ rò pé igi maple le débi pé kò nílò rẹ̀, àwọn gìtá tó kọ́kọ́ ṣe ní 1950 kò sì ní in. Ọrùn wọn tẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, irin ti wọ inú ọrùn.

Ẹ jẹ́ ká padà wálé díẹ̀. Nílẹ̀ Yorùbá, kí gìtá béèsì tó dé, agídìgbo ló ń ṣe iṣẹ́ béèsì. Haruna Ishola lò ó nínú àpàlà, àwọn ẹgbẹ́ jùjú ìgbà 1950 náà lò ó. Àpótí igi ni, pẹ̀lú irin pẹlẹbẹ tí a tẹ̀ mọ́ ojú rẹ̀. Ẹni tó ń ta á ló ń tún un ṣe: tí ohùn bá ga jù, á fa irin náà síta díẹ̀ kó lè gùn sí i, tó bá lọ sílẹ̀ jù, á tì í wọlé. Àwọn ọmọ Àyàn ńkọ́? Ta ló rí onídùndún tó ń wá ṣọ́ọ̀bù kiri nítorí pé awọ dẹ̀? Ọmọ onílù ti mọ bí wọ́n ṣe ń fa ọsán, ó ti mọ ibi tí wọ́n ń lẹ ìda sí lójú bàtá, kó tó di ẹni tí wọ́n ń gbé ìyá ìlù lé lọ́wọ́. Ìtọ́jú ohun èlò wà lára ẹ̀kọ́ orin fúnra rẹ̀.

Gìtá ló wá yà wọ́n sọ́tọ̀. Ayinde Bakare ti ń fi iná gbé ohùn gìtá rẹ̀ sókè láti 1949. Nígbà tí Ebenezer Obey dá International Brothers sílẹ̀ ní 1964, tí Sunny Adé sì dá Green Spots sílẹ̀ ní 1967, orin jùjú ti di orin oníná, béèsì sì gba ipò agídìgbo díẹ̀díẹ̀. Òkè òkun ni ohun èlò náà ti wá, ìmọ̀ ìtọ́jú rẹ̀ kò sì bá a wọ ọkọ̀. Ètò SAP dé ní 1986, náírà já lulẹ̀, owó tó ń ra gìtá tuntun tẹ́lẹ̀ kò ra okùn mọ́. Tòkúnbọ̀ gba ọjà, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ fọ́n ká, ọ̀pọ̀ ohun èlò sì wọ ilé ìjọsìn. Lásìkò yẹn, ẹni tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe ló ń tún béèsì ṣe, tàbí káfíńtà. Lára àwọn bẹ́ẹ̀ mọṣẹ́ gan-an, a mọ àgbà kan tó lè fi etí lásán mọ wáyà tó já. Ṣùgbọ́n kò sí ẹgbẹ́ tó ń dán ọmọ iṣẹ́ wò kó tó gbòmìnira lórí gìtá, bí ó ṣe wà fún télọ̀ àti mẹkáníìkì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wa ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Owó tí a dá jọ la fi ra béèsì ẹgbẹ́ wa, tòkúnbọ̀ ni, ohùn rẹ̀ sì wúwo dáadáa. Fret kan ń dún gìrì, a gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan nígboro. Ọ̀gá ní ọ̀sẹ̀ kan. Ó di méjì. Nínú ọ̀sẹ̀ kẹta ni ọ̀kan nínú wa lọ jẹun níbi òkú ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó gbójú sókè, tó rí béèsì wa lórí ìtàgé, lọ́rùn ẹlòmíràn, tí wọ́n ń ná owó fún un. Ọ̀gá ní ńṣe ni òun ń "dán an wò." Nígbà tí a gbà á, ariwo fret ṣì wà níbẹ̀, ohùn tó wúwo yẹn ló ti lọ. Ṣọ́ọ̀bù kejì ní nut ló fa gbogbo ẹ̀, ìyẹn egungun kékeré tí okùn ń gbà kọjá lókè ọrùn. Bíléèdì ayùn irin ló fi gbẹ́ ẹ jìn, okùn wá sùn lé fret àkọ́kọ́, ó gba owó, ó sì ní truss rod wa ti kán, ká lọ wá ọrùn tuntun. Irin náà kò kán o. A fúnra wa yí i lọ́sẹ̀ kan lẹ́yìn náà.

Ọmọ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ kan láàárín wa ló kọ́kọ́ mú súkúrùdíráfà. Ó tú ojú ike ara béèsì, ohun tí a sì rí nínú rẹ̀ ni pickup olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n fi igi ìṣáná àti téèpù há mọ́lẹ̀, ìyẹn mágínẹ́ẹ̀tì tó ń gbọ́ okùn. Tiwa ti lọ. A padà lọ bi ọ̀gá àkọ́kọ́, ó ní, "Bí ẹ ṣe gbé e wá nìyẹn." Ta la fẹ́ fi jẹ́rìí? Kò sẹ́ni tó tú u wò rí nínú wa kó tó kúrò lọ́wọ́ wa. Láti ọjọ́ yẹn, bí ohun èlò kankan yóò bá jáde, a ó ya fọ́tò inú rẹ̀.

Ohun tí a kọ́ lẹ́yìn náà kò tó ohun tí ènìyàn ń gba JAMB fún. Ọrùn la máa ń kọ́kọ́ wò. Ẹ fi ìka kan tẹ okùn mọ́ fret àkọ́kọ́, ẹ fi òmíràn tẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí ọrùn ti pàdé ara, kí ẹ wá wo àlàfo tó wà lábẹ́ okùn ní fret keje tàbí ìkẹjọ. Kó fi díẹ̀ ṣí, bíi ìnípọn káàdì ìdánimọ̀ yín, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Bí àlàfo bá pọ̀ jù, ẹ yí truss rod sápá ọ̀tún. Bí kò bá sí àlàfo rárá, ẹ tú u sápá òsì. Ìdámẹ́rin ìyípo kan péré lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ kí igi náà gbọ́ ohun tí ẹ sọ fún un. Bó bá le, ẹ má fipá mú un. Lára àwọn Fender àtijọ́, ìdí ọrùn ni orí irin náà wà, ẹ ó ní láti dẹ súkúrù mẹ́rin ọjọ́sí kí ẹ tó rí i. Ọyẹ́ a máa mú igi gbẹ, òjò a máa mú un mu omi, nítorí náà ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ó kéré tán la ń ṣe èyí. Tí etí fret bá ń gún yín lọ́wọ́ ní oṣù kìíní, igi ló sún kì, kì í ṣe pé irin hù.

Lẹ́yìn ọrùn ni gíga okùn ní ìdí, lẹ́yìn rẹ̀ ni ohùn. Ẹ ta ohùn fífúyẹ́ tó wà lókè fret kejìlá láìtẹ okùn mọ́lẹ̀, ẹ wá tẹ fret kejìlá gan-an. Ó yẹ kí méjèèjì bára mu. Bí èyí tí ẹ tẹ̀ bá ga jù, okùn kúrú jù, ẹ fa irin kékeré tó gbé e sẹ́yìn. Bó bá lọ sílẹ̀, ẹ tì í síwájú. Ẹ̀yin tó bá mọ agídìgbo yóò ti rẹ́rìn-ín báyìí.

Ariwo kíríkírí nígbà tí ẹ bá ń yí ìdí ohùn sábà máa ń jẹ́ eruku, oògùn tí wọ́n fi ń fọ ojú iná ló ń lé e. Ohùn tó ń lọ tó ń bọ̀, ẹ wo ihò tí wáyà ń wọ̀ kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni: nọ́ọ̀tì rẹ̀ a máa dẹ̀, gbogbo rẹ̀ a máa yí, wáyà inú a sì já. Òjé díẹ̀ àti irin gbígbóná la fi ń lẹ̀ ẹ́ padà. Bí béèsì bá ní bátìrì, òun gan-an ni kí ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀.

Ní ti okùn, àríyànjiyàn wà láàárín wa. Àwọn kan ń sè é nínú omi gbígbóná kó lè dún bíi tuntun fún ọjọ́ mélòó kan. Àwọn kan ní James Jamerson, tó ta béèsì sí èyí tó pọ̀ nínú àwo Motown ní Detroit lórí Precision 1962 rẹ̀, kì í pààrọ̀ okùn àfi tó bá já, kí ló kù? Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n okùn tó tẹ́jú lójú ni Jamerson lò. Èyí tí ọ̀pọ̀ wa ń lò ni irú tó rí gbágungbàgun, tí ilé iṣẹ́ Rotosound àti John Entwistle ẹgbẹ́ The Who jọ ṣiṣẹ́ lé lórí ní 1966, òun a sì tètè kú bí òógùn bá wọ̀ ọ́.

Jaco Pastorius ní tirẹ̀ sọ pé òun fúnra òun fa gbogbo fret yọ lára Jazz Bass 1962 òun, òun dí ojú ibẹ̀, òun sì fi ọ̀dà tí wọ́n fi ń kun ọkọ̀ ojú omi bò ó. Ohùn béèsì náà di ohun tí gbogbo ayé ń lépa. A ò ní kí ẹ dán an wò pẹ̀lú ohun èlò ẹgbẹ́ o.

Iṣẹ́ méjì ló ṣì kọjá ọwọ́ wa: fret tó ti jẹ tí a gbọ́dọ̀ fi fáìlì rẹ́ dọ́gba, àti orí ọrùn tó bá kán. Àgbà tó ń fi etí mọ wáyà yẹn la ń gbé wọn lọ bá. Bàbá ń jẹ́ ká jókòó lórí àga kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ká mú tọ́ọ̀ṣì dání fún un, ká máa wo ọwọ́ rẹ̀ títí yóò fi parí.